Ojú Nìkan Kọ́ Ló Ń Sunkún: Ìmọ̀lára Nínú Àwòrán Ilẹ̀ Tí Ènìyàn Wà Nínú Rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹyìn mi ní ẹ̀ka yìí, mo gbé àwòrán kan lọ síwájú olùkọ́ mi. Ọ̀dà olóròóró ni mo fi kùn ún, lórí kánfáàsì tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Mile 2 ni mo yà: afárá, danfo, àwọn tó ń ta búrẹ́dì, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú pátápátá tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó wọ mọ́tò ní Mile 2, ó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, ó sì ti ibẹ̀ tẹ̀ síwájú láti wá iṣẹ́. Ọdún kẹrin rèé, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n a kò tíì fojú kàn án.

Olùkọ́ mi wo àwòrán náà títí. Ó ní, "Mo rí omijé. Mi ò rí ìbànújẹ́." Ó tún ní kí n fi àtàǹpàkò bo ojú ọmọkùnrin náà, kí n wá sọ ohun tó kù nínú àwòrán tó ń bani nínú jẹ́. Mo fi àtàǹpàkò bò ó. Kò ku nǹkan kan. Ọ̀run mi mọ́ bí ọ̀run inú kàlẹ́ńdà, danfo mi ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á, gbogbo èrò ọ̀nà dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò fún. Ojú kan ṣoṣo ni mo ní kó ru gbogbo ẹrù náà, ẹrù sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀dà olóròóró. Kókó rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, ojú kọ́ ni ilé ìmọ̀lára. Ìdúró ènìyàn, àyè tó yí i ká, àwọ̀ afẹ́fẹ́ àti ipa ọwọ́ ayàwòrán ni ilé rẹ̀.

Àwòrán ojú àti àwòrán ilẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Nínú àwòrán ojú, ojú ẹni tí à ń yà ló gba ibi tó pọ̀ jù. Aina Onabolu (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní Nàìjíríà, gbajúmọ̀ fún irú àwòrán yìí. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó dé Páríìsì pẹ̀lú, ó sì padà sílé ní 1922 láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó. Ẹ̀kọ́ kan tó tẹnu mọ́ gidigidi ni bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Mr. Perspective.

Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ló jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Bí ẹ bá dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Mile 2, tí ẹ na ọwọ́ yín síwájú, tí ẹ wá fi ìka wọn ẹni tó dúró ti ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, odindi ara rẹ̀ kò ní ju ìka yín lọ. Ojú rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹkún wo ló lè hàn nínú hóró ẹ̀wà? Nítorí pé mo fẹ́ kí omijé hàn ni mo ṣe fa ẹ̀gbọ́n mi wá síwájú, tí mo sì sọ Mile 2 di aṣọ ìkélé lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán méjì ni mo lẹ̀ pọ̀, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìdúró: èdè wa ti ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀

Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa bí egungun àti iṣan ṣe tò. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni èdè tí mo bá lẹ́nu ìyá mi. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe ènìyàn, ibì kan nínú ara ló sábà máa ń tọ́ka sí: inú dùn, inú bàjẹ́, àyà já, ọkàn balẹ̀, orí wú. Ẹ kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wọ̀nyí. Ohun tó já ti kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́. Ohun tó balẹ̀ ti rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ohun tó wú ti kọjá ìwọ̀n rẹ̀. Nǹkan tí ojú lè rí ni gbogbo wọn, ayàwòrán sì lè yà wọ́n.

Èdè wa tún ní orúkọ fún àwọn ìdúró tí ẹni tó wà lókèèrè fi lè mọ ohun tó ń ṣe wá. Ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán ń ro ohun tó ká a lára. Ẹni tó káwọ́ lérí ti gbọ́ ìròyìn burúkú. Ẹni tó káwọ́ pọ̀nyìn ń jẹ́jọ́, bí kò tilẹ̀ sí adájọ́ níbẹ̀. Ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ kò kánjú. Ẹni tó ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ ń lọ síbi tí kò fẹ́ dé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn márààrún tó nílò ojú. Ẹ fi ọ̀dà dúdú nìkan yà wọ́n, kí ẹ má fi imú sí i, kí ẹ má fi ẹnu sí i, ẹni tó bá wò wọ́n láti òdìkejì yàrá yóò dá wọn mọ̀.

Mo lo ọ̀sẹ̀ 2 ní Mile 2 pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé kékeré. Ìṣẹ́jú 1 péré ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ya kọ̀ndọ́kítọ̀ tó rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà danfo, mo ya ìyá tó tẹ orúnkún díẹ̀ kí wọ́n lè sọ ẹrù fún un. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ń dúró de mọ́tò àti ẹni tó ń dúró de ènìyàn kì í dúró bákan náà. Ẹni tó ń dúró de mọ́tò kọ gbogbo ara sí apá ibi tí mọ́tò yóò ti yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti fẹ́ gbéra. Ẹni tó ń dúró de ènìyàn fi ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ nìkan ló ń yí kiri. Nígbà tí mo rí èyí, mo mọ̀ pé àwòrán mi àkọ́kọ́ kò ní ẹnì kankan tó ń dúró de ohunkóhun.

Àyè: ohun tó yí ènìyàn ká

Ará Jámánì kan, Caspar David Friedrich (1774–1840), fẹ́ràn láti máa ya ènìyàn tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Nínú The Monk by the Sea, tó yà láàárín 1808 sí 1810, ẹnì kan ṣoṣo dúró létí òkun, ó kéré bí èèrà, ọ̀run sì gba ibi tó pọ̀ jù lórí kánfáàsì. A kò rí ojú rẹ̀. Síbẹ̀ a mọ bí ó ti dá nìkan wà tó, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ la dúró sí, ohun tó ń wò ni àwa náà ń wò.

Ẹnì kan lè bi mí pé, Mile 2 wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀nà Oṣòdì sí Àpápá àti ọ̀nà Èkó sí Badagry ti pàdé. Tírélà tó ń lọ sí èbúté ń tẹ̀ lé tírélà. Láti 4 Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line náà ti ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí Marina, ìrìn kìlómítà 13. Níbo ni a ó ti rí àyè tó ṣófo bí ti Friedrich?

Ìdáhùn mi ni pé èrò fúnra rẹ̀ lè di àyè. Bí ènìyàn 40 bá kọjú sí ọ̀nà Badagry, tí ẹnì kan ṣoṣo kọjú síbòmíràn, ẹni yẹn ti dá wà. Bí ẹ bá fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, tí ẹ kò jẹ́ kí òjìji ẹlòmíràn kàn án, ojú yóò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tọ́ka sí i.

Ibi tí ẹ bá fi ìlà ojú sí ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí ẹ bá wo ilẹ̀ láti orí afárá, ìlà ojú lọ sókè, ilẹ̀ gba gbogbo àwòrán, ènìyàn á dà bí ohun tí ọ̀nà ń gbé lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ afárá, ìlà ojú wálẹ̀, ẹni kan náà á dúró ṣanṣan sí ojú ọ̀run, á dà bí akọni. Ẹ má yan ọ̀kan nítorí pé ó rọrùn. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni ẹni yìí lè yí padà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀

Àwọn àgbà wa pín àwọ̀ sí mẹ́ta: funfun, pupa, dúdú. Ó lè dà bíi pé ó kéré, títí tí ẹ ó fi gbọ́ ohun tí à ń fi tẹ̀ lé e. Pupa fòò kì í ṣe pupa rúsúrúsú. Funfun báláú kò sì jọ ohun tó kàn ń ṣe funfunfunfun. Ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń wọ̀n ni agbára àwọ̀, ohun tí a máa ń gbàgbé níbi tí a ti ń wá orúkọ tó wà lára túùbù. Nínú àwòrán mi àkọ́kọ́, fòò ni gbogbo nǹkan. Bí gbogbo ènìyàn bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ta ni a ó gbọ́?

Ẹ wo Yusuf Grillo (1934–2021), ọmọ Èkó, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá Zaria Art Society sílẹ̀ ní 1958, tó sì darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ohun tó lé ní ọdún 25. Ènìyàn ló yà jù, kì í ṣe ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún wa. Àwọ̀ aró, bíi ti àdìrẹ, ni a fi mọ̀ ọ́n. Aró tó wà lára ìyá inú àwòrán ló tún wà nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni ìlà tó gé ara rẹ̀ máa ń gba afẹ́fẹ́ kọjá, bíi gíláàsì ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ tí òun náà ṣe. Ènìyàn àti ibi tó wà pín ọkàn kan náà.

Bí ẹ bá wọ Blue Line ní Mile 2, ẹ ó dé ibùdókọ̀ National Theatre ní Ìgànmú kí ẹ tó dé Marina. Ọgbà tíátà yẹn ni Universal Studios of Art wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abiodun Olaku, tí wọ́n bí ní 1958, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó gbajúmọ̀ fún àwòrán òru. Níbi púpọ̀ nínú wọn, òkùnkùn ló pọ̀ jù, iná kékeré kan tàbí méjì ló sì ń sọ fún wa pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kékeré nínú òkùnkùn ńlá: bóyá ìrètí ni, bóyá ẹ̀rù ni, ọwọ́ ayàwòrán ló wà láti yan bí yóò ṣe gbóná tó.

Ọyẹ́ ní Mile 2 ní àwọ̀ tirẹ̀. Mo po ultramarine mọ́ burnt sienna títí ó fi di àwọ̀ eérú, mo fi titanium white sí i lọ́pọ̀, mo wá fi yellow ochre díẹ̀ pa á. Eruku gan-an ló dà. Bí ẹ bá fi eruku yìí kún ilẹ̀, tí ẹ wá fi pupa fòò kékeré bí orí ìṣáná sí i, pupa náà á ké ju ti inú túùbù lọ.

Ipa ọwọ́: ohun tí ọ̀dà olóròóró lè ṣe

Omi kọ́ ló ń gbẹ kúrò nínú ọ̀dà olóròóró. Epo linseed inú rẹ̀ ló ń gba atẹ́gùn ọ́síjìn, tó sì ń le díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ lójú, nígbà tí akírílíìkì á ti gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwa tí a ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa ń bínú sí èyí. Ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọ̀ méjì tó ṣì tutù lè wọnú ara wọn, kí etí ohun kan máa parẹ́ sínú èkejì.

Etí yìí ní ìmọ̀lára. Etí tó gé ṣáká ń sọ pé ohun náà wà níbí, ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́. Etí tó pòórá ń sọ pé ó ń lọ, tàbí pé a ò rí i dáadáa mọ́. Ẹ rántí òfin kan ṣoṣo: ìpele ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ ní epo tó ti òkè, kí òkè má baà sán tó bá yá.

Ablade Glover, ará Gánà tí wọ́n bí ní Àkírà ní 1934, máa ń fi ọ̀bẹ ayàwòrán lẹ ọ̀dà ní lílẹ̀ tó nípọn. Ọjà, ibùdókọ̀ àti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò ló máa ń yà. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ̀là ọ̀dà lásán ni. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn, èrò ni. Kò sí ojú kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ooru wà, ìkánjú wà, ìfúnpọ̀ wà. Ọwọ́ tó ń yára ló kó ìyára bá àwòrán.

Mile 2 lẹ́ẹ̀kan sí i

Ilé wa wà ní Festac, ìlú tí wọ́n kọ́ láti gba àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà tó wáyé láti 15 Oṣù Kínní sí 12 Oṣù Kejì 1977. Mo gbé àwòrán tí olùkọ́ mi kọ̀ padà sílé, mo fi ti ògiri pálọ̀. Ìyá mi bi mí pé, "Ta lèyí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Mà."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ò sunkún lọ́jọ́ náà. Èmi gan-an ò rí ojú ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mò ń wò. Báàgì yẹn ń fa èjìká ẹ̀ kan wálẹ̀. Nígbà tí mọ́tò gbéra, iná pupa ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo tẹjú mọ́ títí eruku fi gbé e mì. Mo fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ mi ò gbéra."

Mo ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìyá mi ló sọ àwòrán náà fún mi: ìdúró, àyè, àwọ̀ àti etí tó ń parẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àwòrán ẹni tó lọ kọ́. Àwòrán ẹni tó dúró ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Mo fi ìlà ojú sókè. Mo fi eruku ọyẹ́ kún gbogbo kánfáàsì. Mo ya èrò tó ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, mo sì fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Níbẹ̀ ni ìyá mi dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, kò ga ju ìka mi lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan di etí ìborùn mú. Ní ọ̀nà jíjìn, níbi tí mọ́tò ti ń wọ inú eruku, mo fi pupa fòò sí i lójú kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nínú àwòrán mọ́.

Olùkọ́ mi fi àtàǹpàkò bo ìyá mi. Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ló bá mi wí pé ìlà afárá mi gé ju bó ṣe yẹ lọ fún àárọ̀ ọyẹ́, òtítọ́ sì ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Alẹ́ ló tó dáhùn: "Mi ò mọ̀ pé Màmá dúró pẹ́ tó yẹn."

Iṣẹ́ ṣíṣe

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú èyí, ẹ lọ sí ibi tí ẹ mọ̀ dáadáa, kì í ṣe ibi tó kàn lẹ́wà. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ ya ènìyàn 20 láàárín ìṣẹ́jú 20, láìfi ojú sí i. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sábẹ́ ìdúró kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ fún, ẹ tún un yà.

2. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì: kí ìlà ojú wà lókè nínú ọ̀kan, kó wà nísàlẹ̀ nínú èkejì. Ẹ bi ẹnì kan tí kì í ṣe ayàwòrán pé kí ló ń ṣe ẹni náà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

3. Ẹ fi àwọ̀ eruku kun gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá fi àwọ̀ kan ṣoṣo tó lágbára sí ibì kan ṣoṣo.

4. Ẹ fi àtàǹpàkò bo ènìyàn inú rẹ̀. Bí ìmọ̀lára bá bá a lọ, iṣẹ́ ṣì kù.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ síwẹ́ lábẹ́ àwòrán yín, ẹ fi han ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé òun ló mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá.